Ilé Ta Ni Bàbá Máa Yà Sí?

Ọdún tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọdún náà gan-an ni ọ̀rọ̀ Ambrose Ajíbóyè ṣẹlẹ̀ ní Àyèká. Ẹni tí kò bá sí láyé nígbà náà kò lè mọ bí ọ̀nà Òkìtìpupa ṣe rí, àfi kí n sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ń bú ara wọn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bọ́ sí kòtò, ewúrẹ́ nìkan ló mọ ibi tó ń lọ. Nínú gbogbo hílàhílo yìí ni Ambrose ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, tó gbé Aníwúrà ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń gba ọ̀tún díẹ̀, tó ń gba òsì díẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà rárá.

"Bàbá Janet, ọ̀tún! Ọ̀tún!" ni Aníwúrà ń ké.

"Ọ̀tún wo? Tèmi àbí ti ìjọba?"

Láyé àtijọ́, irú ọ̀rọ̀ yìí á mú Aníwúrà rẹ́rìn-ín títí tí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́ dojú dé. Lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn di bẹ́líìtì ọkọ rẹ̀ mú, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń pa Ambrose.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ fún yín. Iṣẹ́ epo ni wọ́n ń ṣe. Ambrose ló ń gun ọ̀pẹ, Aníwúrà ló ni ẹkù tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti ń gbọ́n epo. Ẹni tó bá wà lórí ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ kígbe kó tó gé ẹyìn, kó má baà pa ẹni tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo agunpẹ ló ń kígbe yìí, ṣùgbọ́n ti Ambrose yàtọ̀. Á fara ti igbà tó fi gùn ún, á na ọrùn bí àkùkọ, á ké pé, "Ẹ yà o! Ẹyìn ń bọ̀ o!" Àwọn obìnrin tó kù á sá. Aníwúrà á fọwọ́ lé ìbàdí, á gbójú sókè, á dá a lóhùn pé, "Kó máa bọ̀, mi ò níí sá!" Lẹ́yìn náà ni á wá sá tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹyìn á sì já lulẹ̀ gbì. Tọkọtaya tó ti bímọ rẹpẹtẹ, wọ́n ń ṣe bí ọmọ ilé ìwé! Àwọn àgbà ìjọ Àládùúrà tí wọ́n ń lọ a máa mi orí sí wọn, ṣùgbọ́n àwọn náà á dúró gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó kọjá.

Àfi ìgbà tí ọmọ kẹjọ dé. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó há. Wọ́n gbé Aníwúrà dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n là á níkùn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kò dá. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọbìnrin náà yè, ìyá rẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n dókítà pe Ambrose sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyàwó rẹ kò gbọdọ̀ lóyún mọ́. Tó bá tún lóyún, má wá bá mi, káfíńtà tó ń kan pósí ni kí o lọ bá." Dókítà yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yé èèyàn.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Aníwúrà ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ, ó lọ tẹ́ ẹ sí yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ambrose. Kò bínú, kò jà, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, bí Ambrose bá kígbe lórí ọ̀pẹ, ẹyẹ nìkan ló ń dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Catherine ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Obìnrin sísanra ni, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó àwọn tọkọtaya jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọsibítù, kó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tí wòlíì kì í sọ níwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ tí Ambrose dé ibẹ̀, tọkọtaya kan ti wà níbẹ̀, Vincent àti Rose, tí wọ́n ti Igbotako wá.

"Ẹ káàbọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Kí n tó la ẹnu sí i, ẹ gbọ́: kò sẹ́ni tí yóò fipá mú yín ṣe é. Ohun tí à ń sọ lónìí kì í ṣe ti oògùn oníhóró tí èèyàn lè lò kó sì pa tì. Tí a bá ti ilẹ̀kùn yìí, a ti ì nìyẹn. Kò sí pé mo yí ọkàn padà, kò sí pé ìyàwó kékeré ń fẹ́ ọmọ. Ẹni tí kò bá dá lójú, kó máa lọ sílé kó lọ jẹ pupuru rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dìde.

"Ti obìnrin wà, ti ọkùnrin wà. Ti obìnrin, inú ikùn la ti máa so ọ̀nà tí ẹyin ọmọ ń gbà. Ti ọkùnrin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni, a ó pa ibẹ̀ lára, a ó la á díẹ̀, a ó so iṣan tín-ín-rín méjì, ó parí. Kí ìrẹsì tó jinná, ọkùnrin ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ padà."

Háà! Vincent pa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbàgà. Ambrose náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé òun náà ti pa á pọ̀ láìmọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ tẹ̀ wá lọ́dàá ni!" ni Vincent pariwo. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí!"

"Ẹran tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, kóró rẹ̀ ni wọ́n fọ́. Ta ló fẹ́ fọ́ kóró yín? Kóró yín á wà níbi tí Ọlọ́run so ó mọ́, ẹ máa gbé e kiri lọ."

"Irùngbọ̀n wa kò ní já?"

"Kò ní já."

"Ohùn wa kò ní di ti obìnrin?"

Rose ìyàwó rẹ̀ kọjú sí i. "Ohùn tó ti ń han bíi ti ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ló tún fẹ́ dì?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín dé ìdí, ó wá yíjú sí Ambrose tí kò tíì sọ̀rọ̀. "Bàbá Janet, iṣẹ́ epo lẹ̀ ń ṣe, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Nọ́ọ̀sì."

"Tí ẹ bá sin èkùrọ́ sílẹ̀, kí ló máa hù?"

"Ọ̀pẹ ni."

"Tí ẹ bá wá da epo sílẹ̀, kí ló máa hù níbẹ̀?"

Ambrose wò ó bí ẹni pé ó ń ṣàárẹ̀. "Epo ńkọ́? Kí ló fẹ́ hù? Èèrà lásán ni yóò wá."

"Ẹ ṣeun! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Epo á máa jáde bó ṣe ń jáde. Pípọ́n rẹ̀ á pọ́n, dídùn rẹ̀ á dùn, ẹni tó ń gbádùn rẹ̀ á máa gbádùn rẹ̀. Èkùrọ́ nìkan la yọ kúrò níbẹ̀!"

Rose pariwo "Yéè!" ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Vincent fọwọ́ bò ó lẹ́nu pé kí ó má dójú ti òun, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ambrose kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Aníwúrà ló ń wò. Ó rí i tí ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ mì, bí ìgbà tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ tí wọ́n sì gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti Ìyá Janet, dókítà kò fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ikùn rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ kò tíì gbà á. Tiyín ló kù, Bàbá Janet. Àbí ó ku ọmọ kan tí ẹ̀ ń retí ni?"

Ambrose fọwọ́ nu ojú. "Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Bàbá mi."

Bí ó ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá Àríyọ̀, bàbá Ambrose, ti kú láti bí ọdún mẹ́fà. Nígbà tó ń ṣàìsàn, Ambrose gbé oúnjẹ lọ bá a, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ambrose, tí mo bá ń padà bọ̀ wáyé, ilé rẹ ni mo máa yà sí. Má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o." Ambrose kúnlẹ̀, ó ṣèlérí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi Aníwúrà. Láti ìgbà náà, wọ́n ti bímọ mẹ́ta, gbogbo wọn obìnrin. Ní gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá ti inú yàrá jáde pé obìnrin ni, Ambrose á ní, "Bàbá ń rán àwọn obìnrin ṣíwájú kí wọ́n wá bá òun gbálẹ̀." Ìyá Àgbà á gbọ́, á ní "Hùn," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Catherine kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti abẹ, Bàbá Janet," ló wí. "Ẹ lọ bá Bàbá sọ ọ́. Tí ẹ bá gbà, ẹ padà wá. Tí ẹ kò bá gbà, ẹ padà wá náà, a ó wá nǹkan mìíràn tí kì í ṣe ti títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́."

Nígbà tí wọ́n délé, Ambrose sọ ọ̀rọ̀ náà fún Lucas àbúrò rẹ̀, tí òun àti Agatha ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá kejì nínú agbo ilé kan náà. Ó rò pé Lucas máa pariwo pé èèwọ̀. Lucas fò dìde lórí àga.

"Bùrọ̀dá, ẹ lọ ṣe é! Kí lẹ̀ ń dúró dè? Lọ́la! Kẹ̀kẹ́ tiyín ti gbó, ẹ gbé tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ taya rẹ̀."

Ambrose wò ó títí. Lucas tí kò yá ẹnikẹ́ni ní kẹ̀kẹ́ rí, tó jẹ́ pé bí iná bá ń jó ilé yín, ẹsẹ̀ ló máa ní kí ẹ fi sá. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ìlera ìyàwó yín ni mò ń rò," ni Lucas wí, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé.

Ọ̀dá kan wà nínú agbo ilé náà, òbúkọ ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ nítorí Kérésìmesì. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Ambrose gbé àpótí, ó lọ jókòó tì í. Ẹran náà sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ambrose wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìwọ, ṣé inú rẹ dùn báyìí?" ló bi í.

Ọ̀dá náà tún bu èèpo ẹ̀gẹ́ mìíràn jẹ. Ambrose mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dá gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Èkùrọ́ àti epo ti yé e dáadáa, ta ni kò ní yé nínú agunpẹ? Ohun tó ń ba á lẹ́rù ni kí ọmọ ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ẹkù. Aníwúrà wà nísàlẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn tó fọ́n ká. Ambrose fara ti igbà, ó na ọrùn. "Ẹ yà o! Ẹyìn ń bọ̀ o!"

Kò sí ohùn. Ó wo ilẹ̀. Aníwúrà ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi etí ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ambrose kò gé ẹyìn kankan mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Aníwúrà, kí ni mo ṣe tí o kì í fi dá mi lóhùn mọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

"Ẹ̀rù yín kọ́. Ẹ̀rù ara mi ni." Ó nu ojú. "Tí mo bá dá yín lóhùn, mo máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti rẹ́rìn-ín, mo máa ká ẹní mi padà sí yàrá yín. Mo mọ ara mi, Bàbá Janet! Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kígbe, ojoojúmọ́ ni mò ń dá yín lóhùn nínú mi. Ẹ ò kàn gbọ́ ọ ni."

Ambrose tú igbà kúrò ní ìbàdí, ó jù ú sílẹ̀.

"Mo fẹ́ràn Bàbá," ni Aníwúrà wí. "Kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá gba ibí wọlé, tí èmi náà sì gba ibí jáde, ta ni yóò fún un lọ́yàn?"

Ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ láìwo ilẹ̀, ó jókòó sórí òkìtì ògùsọ̀ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, ó sì sunkún. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín, ó sunkún gan-an. Lẹ́yìn èyí ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, ó ní, "Ó ti tó. Fún mi ní òní."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ìrì tó gbẹ, Ambrose wẹ̀, ó wọ sùtánà funfun tó fi ń lọ sí ìsìn, ó tan àbẹ́là, ó bu omi sínú ife, ó sì lọ dúró níwájú ibojì bàbá rẹ̀ tó wà níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Èmi Ambrose ni. Mo ṣèlérí fún yín, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́, mo wá sọ ọ́ fún yín lójúkojú kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lo ayé tiyín, ẹ lò ó dé góńgó. Aníwúrà kò tíì lo tirẹ̀ dé ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí ilé ẹlòmíràn. Tí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi ni mo mú."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín gidi, ẹ̀rín arúgbó, kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀. Ambrose fò sókè, ife omi dà sí i lára.

Ìyá Àgbà ló ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Ó jáde síta, ó ń di ògiri mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Aníwúrà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni àwọn méjèèjì ti gbọ́.

"Ambrose, ọmọ mi, ta lo ń bẹ̀ báyìí?"

"Bàbá ni, Ìyá. Wọ́n sọ fún mi pé ilé mi làwọn máa yà sí."

"Ọjọ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn, lọ́jọ́ tí mo gbé ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ lọ fún wọn."

"Ẹja àrọ̀!" Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Mo kúkú mọ̀! Lucas! Lucas o, jáde wá!"

Lucas jáde, pákò wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni bàbá yín sọ fún ọ nígbà tó ń ṣàìsàn?"

Lucas wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ìyá, ọ̀rọ̀ àṣírí ni."

"Sọ ọ́ kí n tó fọ́ ọ létí!"

"Wọ́n ní... wọ́n ní ilé mi làwọn máa yà sí."

"Kí lo gbé fún un jẹ lọ́jọ́ náà?"

"Ìgbín ni. Ìgbín ńlá."

"Ẹ ò rí nǹkan! Bọ́lánlé àbúrò yín gbé òkété yíyan wá láti Igbotako, òun náà gba tirẹ̀ lọ, ó ti ń retí láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣáà ti gbé ọbẹ̀ wá ni bàbá yín ń ṣèlérí fún! Èmi náà ńkọ́? Èmi tí eyín mi ti ká! Mo se ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ fún un, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ìyá Ambrose, ọ̀dọ̀ rẹ gan-an ni mo máa padà sí.' Mo ní, 'Bàbá Ambrose, ẹ jẹun, ẹ yé dá mi láàmú. Ibo lẹ fẹ́ gbà wọlé?'"

Ẹ̀rín bú jáde. Ti Aníwúrà ló kọ́kọ́ bú, ó sì ga ju ti gbogbo wọn lọ, títí tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ta jí. Ambrose kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun bínú.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí? Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi àṣírí pamọ́ fún ara yín. Èmi rò pé àwàdà lo máa ń ṣe." Ìyá Àgbà wá dẹ́kun ẹ̀rín, ó gbá Ambrose lórí jẹ́jẹ́. "Bàbá yín fẹ́ràn ọbẹ̀, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà. Kò ní la ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kọjá kó tó wọlé. Lọ sí ọsibítù."

Ambrose rántí nǹkan kan, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Lucas! Nítorí ìyẹn lo ṣe fẹ́ yá mi ní kẹ̀kẹ́!"

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Mo ní tí tiyín bá ti dí, kò sí ibòmíràn tí wọ́n máa gbà mọ́ àfi tèmi."

Agatha ìyàwó Lucas ti dé ẹnu ọ̀nà, igbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lucas! Ìdí tí o kò fi jẹ́ kí n sinmi nìyẹn? Mo ń bímọ lọ́dọọdún, o ń wo ibẹ̀ bóyá bàbá rẹ ló dé!" Igbálẹ̀ náà fò, Lucas náà fò. Kẹ̀kẹ́ ló fi sá, taya rẹ̀ sì kún lóòótọ́.

Bí Ambrose ṣe padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Catherine nìyẹn. "Bàbá ti fún wa láyè," ló wí. Nọ́ọ̀sì bi Aníwúrà ní tirẹ̀ bóyá ó gbà, ó tún bi Ambrose, ó tún bi àwọn méjèèjì pọ̀, kó tó mú un wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, dókítà tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ náà gbé ọ̀bẹ. Ambrose rí ọ̀bẹ yẹn. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré ló dìde nínú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó kígbe:

"Ẹ yà o! Ẹyìn ń bọ̀ o!"

Dókítà fò sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì Catherine rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jáde lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Dókítà fúnra rẹ̀, ẹ̀rín ti mú un lábẹ́ aṣọ tó fi bo ẹnu, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mi ò tíì gé nǹkan kan." Kí ìrẹsì tó jinná, ó parí lóòótọ́.

Ambrose fẹsẹ̀ rìn délé, ó ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Àwọn oníyẹ̀yẹ́ Àyèká tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Ọ̀dá dé o!" ni wọ́n ń ké. Ambrose ní, "Ẹ rán àwọn ìyàwó yín wá kí wọ́n wá bi tèmi." Nígbà tó dé inú agbo ilé, ọ̀dá gidi gbé orí sókè wò ó. "Èmi àtìwọ kì í ṣe ẹgbẹ́," ni Ambrose sọ fún un, ó sì wọlé lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé èkùrọ́ àtijọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà, pé kí wọ́n fara balẹ̀ títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹní Aníwúrà wà ní yàrá Ìyá Àgbà, Ambrose ń gun ọ̀pẹ, ó ń kígbe, kò sí ìdáhùn, òjò ń rọ̀ lórí gbogbo wa. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà, ó ti rù. Wọ́n padà lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì Catherine ti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, kò lè dúró kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá Janet! Epo mọ́ gaara! Kò sí èkùrọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀!"

Gbogbo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú. Àwọn kan nínú wọn bi í bóyá ó ṣì ku epo náà láti tà. Aníwúrà fi gèlè bo ojú, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi délé. Ambrose rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá ẹ̀rù náà kò ní lọ mọ́ láé. Ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó gun ọ̀pẹ rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán wà lórí gbogbo nǹkan. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀fọ́ níwájú ilé, Lucas ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ ojú Agatha tí kò tíì dárí jì í tán, àwọn ọmọ ń sáré kiri. Ambrose kò retí nǹkan kan. Iṣẹ́ ni, èèyàn gbọ́dọ̀ kígbe. Ó fara ti igbà.

"Ẹ yà o! Ẹyìn ń bọ̀ o!"

"Kó máa bọ̀, mi ò níí sá!"

Àdá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ambrose. Ó wo ilẹ̀. Aníwúrà ń sọdá àárín agbo ilé ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo èèyàn, ó ru ẹní lórí, irọ̀rí wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó kọjú sí yàrá ọkọ rẹ̀. Ó dúró ní àárín gbùngbùn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn.

"Àbí ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní mi ò níí sá!"

Ambrose bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, igbà ń fò, èèpo ọ̀pẹ ń já bọ́.

"Ambrose, rọra o!" ni Ìyá Àgbà ké láti iwájú ilé. "Bàbá yín kò tíì múra de àlejò!"

Kò gbọ́. Ẹyìn ọjọ́ náà, orí ọ̀pẹ ló sùn.